Sàlẹ́ńsà Tuntun Lára Alùpùpù Àtijọ́: Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Nínú Páìpù, àti Bí A Ṣe Ń Dè É Láìba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́

Bí sàlẹ́ńsà alùpùpù àtijọ́ bá ti dípẹtà tó lu, tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́, ohun tó kù ni kí ẹni tó ni ín wá èyí tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní sàlẹ́ńsà tó bá ń pariwo ló ń mú alùpùpù sáré. Ẹlòmíràn á ní rárá o, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní ohun tó ń dí èéfín rẹ̀ lọ́nà díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní lágbára. Ẹnì kẹta á ní kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, kí ẹ ṣáà tú ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ de tuntun, kí ẹ gùn ún lọ.

Kò sí èyí tó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ara ẹ́ńjìnnì ni sàlẹ́ńsà jẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ rẹ̀ ti fọwọ́ kan bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí, nítorí náà ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ mójú tó: kí ojú ibi tí páìpù ti pàdé ẹ́ńjìnnì má jò, kí páìpù jókòó lára férémù láìsí ohun tó ń fà á, kí epo tí kabúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ń bù síta sì bá páìpù tuntun mu.

Kí ni orúkọ apá kọ̀ọ̀kan?

Páìpù orí ni èyí tó ti ẹnu ẹ́ńjìnnì jáde, tó tẹ̀ wálẹ̀ níwájú, tó sì gba abẹ́ lọ sẹ́yìn. Sàlẹ́ńsà gan-an ni apá gbàǹgbà tó wà lẹ́yìn, tó ń pa ariwo. Nínú ti àtijọ́ púpọ̀, àwọn ògiri irin kéékèèké ló wà nínú rẹ̀ tí èéfín ń yà gba àárín wọn. Nínú ọ̀pọ̀ tuntun, páìpù tààrà onihò wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n fi òwú gíláàsì yí ká. Òwú yẹn ló ń gba ariwo mọ́ra.

Lẹ́nu ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí sítọ́ọ̀dù, ìyẹn irin onísukúrú méjì tó yọrí síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò èéfín. Kọ́là ni irin oníhò méjì tó ń wọ orí sítọ́ọ̀dù, tí nọ́ọ̀tì fi ń tẹ páìpù mọ́ ẹ́ńjìnnì. Láàrin páìpù àti ẹ́ńjìnnì ni gáàsíkẹ́ẹ̀tì wà, òrùka bàbà tàbí irin rírọ̀ tó máa ń fún pọ̀ nígbà tí a bá fún nọ́ọ̀tì, kó lè dí àlàfo. Ìgbà kan péré ni irú gáàsíkẹ́ẹ̀tì yìí ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti tú páìpù, ẹ ra òmíràn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ kí nǹkan dí èéfín lọ́nà?

Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó fa èrò yìí ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gé sàlẹ́ńsà kúrò, tí wọ́n sì rí i pé alùpùpù kò fà dáadáa mọ́ nígbà tí kò tíì sáré púpọ̀. Òótọ́ ni ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìdí rẹ̀.

Nígbà tí fáàfù èéfín, ìyẹn ìdérí tó ń ṣí tó sì ń pa ihò èéfín dé, bá ṣí, èéfín kì í rọra ṣàn jáde. Ó ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbì tó dá sílẹ̀ sì ń sáré nínú páìpù tó ju mítà 500 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbóná gan-an. Bí ìgbì yìí bá dé ibi tí páìpù ti gbòòrò tàbí tó parí, apá kan rẹ̀ á padà sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí gbohùngbohùn ṣe ń dá ohùn ẹni padà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìgbì tó ń padà yìí ń fà ni, kì í tì. Bó bá padà dé ẹnu ẹ́ńjìnnì ní àsìkò tí fáàfù èéfín kò tíì pa dé tán, tí fáàfù ìwọlé sì ti ń ṣí, á fa ìyókù èéfín jáde, á sì bá ẹ́ńjìnnì fa afẹ́fẹ́ tuntun wọlé. Bó bá pẹ́ jù tàbí tó yá jù, kò ní ṣe àǹfààní kankan, ó tiẹ̀ lè ṣe ìdíwọ́.

Gígùn páìpù ló ń pinnu bí eré ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí ìgbì náà tó bọ́ sí àsìkò. Fífẹ̀ inú rẹ̀ ló ń pinnu bí èéfín ṣe ń yára tó: bí páìpù bá fẹ̀ jù, èéfín á máa falẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá sáré. Ẹni tó gé sàlẹ́ńsà kúrò ti yí gígùn yìí padà, ìgbì sì ti ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí agbára fi lọ sílẹ̀. Ariwo tó pọ̀ kò sọ ohunkóhun fún wa nípa agbára. Ohun tó ń sọ kò ju pé kò sí ohun tó ń pa ariwo mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó bá alùpùpù mi mu?

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè pààrọ̀ sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn nìkan kí páìpù orí wà níbi tó wà, ẹ sì lè pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ẹ́ńjìnnì dé ìparí. Bí páìpù orí yín kò bá tíì lu, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi í sílẹ̀. Gígùn tí ilé iṣẹ́ fún un ti bá ẹ́ńjìnnì yẹn mu, ẹ kò sì ní í fọwọ́ kan sítọ́ọ̀dù tó ti wà níbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún.

Kí ẹ tó ra sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn, ẹ fi kálípà wọn ìta páìpù orí níbi tí sàlẹ́ńsà ti ń wọ̀ ọ́, kí ẹ sì wọn inú ẹnu sàlẹ́ńsà tí ẹ fẹ́ rà. Bí ìta páìpù bá jẹ́ mìlímítà 38, inú ẹnu sàlẹ́ńsà gbọ́dọ̀ jẹ́ 38 pẹ̀lú ìwọ̀nba àlàfo tó lè jẹ́ kó wọlé. Bí ìyàtọ̀ bá tó mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta, ẹ wá páìpù kékeré tó ń so méjèèjì pọ̀. Ẹ má rò pé kílípù á fún un pọ̀ títí tí kò fi ní jò. Kò lè ṣe é. Kí páìpù wọ inú sàlẹ́ńsà tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ó kéré tán.

Bí ẹ bá ń ra gbogbo rẹ̀, ẹ wọn àárín ihò méjèèjì tó wà lára kọ́là, kí ẹ sì wo bóyá alùpùpù yín ní páìpù kékeré tó so páìpù orí méjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ alùpùpù onísílíńdà méjì ló ní in, nítorí ó ń mú kí sílíńdà kan lo àyè inú sàlẹ́ńsà èkejì. Bí tuntun kò bá ní irú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìfà alùpùpù á yàtọ̀ nígbà tí eré ẹ́ńjìnnì bá wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Honda CB750 tó jáde ní 1969 ní sàlẹ́ńsà mẹ́rin, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi páìpù mẹ́rin-wọ-ọ̀kan rọ́pò wọn. Èrè tó dájú níbẹ̀ ni pé alùpùpù á fúyẹ́. Èrè agbára wà lọ́wọ́ bí wọ́n bá ṣe ṣe páìpù náà àti bí ẹ bá ṣe tún kabúrétọ̀ ṣe.

Báwo la ṣe ń tú ti àtijọ́ láìṣẹ́ sítọ́ọ̀dù?

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká farabalẹ̀ sí i. Irin ni sítọ́ọ̀dù, alumíníọ̀mù sì ni orí ẹ́ńjìnnì tí sítọ́ọ̀dù wọ inú rẹ̀. Iná àti omi ti ń bá wọn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nọ́ọ̀tì ti lẹ̀ mọ́ sítọ́ọ̀dù, sítọ́ọ̀dù náà sì ti lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá fi sípánà gígùn fà á tagbáratagbára á gbọ́ ìró kan, sítọ́ọ̀dù á sì ti kán.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà tó wà lórí okùn sítọ́ọ̀dù (ìlà sukúrú ara rẹ̀) tó yọrí síta, nítorí ìdọ̀tí ibẹ̀ ni nọ́ọ̀tì máa há sí. Ẹ fín epo ìtúpẹtà sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ tún un fín láàárọ̀ àti lálẹ́. Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ nu epo náà kúrò kó má baà gbiná, ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún, ẹ pa á, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Bí iná bá mú alumíníọ̀mù, ó ń wú tó ìlọ́po méjì irin, nítorí náà ihò tó mú sítọ́ọ̀dù á dẹ̀ díẹ̀.

Sípánà tó dé orí nọ́ọ̀tì pátápátá ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó la ẹnu. Ẹ kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀tì díẹ̀ sí apá ìfúnle, kí ẹ tó yí i sí apá ìtú. Bó bá yí díẹ̀ tó sì tún le, ẹ dá a padà, ẹ fín epo sí i, ẹ tún un yí. Ìdajì yíyí síwájú, ìdá mẹ́rin sẹ́yìn, títí tí á fi jáde. Bí sítọ́ọ̀dù bá bá nọ́ọ̀tì jáde látòkè délẹ̀, inú yín ni kó dùn. Tuntun ni ẹ ó fi sí i.

Bó bá kán, tí èyí tó kù sì yọrí díẹ̀, ọ̀nà tó dára jù ni kí wẹ́dà fi nọ́ọ̀tì lé orí rẹ̀, kó jó inú nọ́ọ̀tì náà mọ́ ọn. Iná wẹ́dà á tú ìpẹtà, nọ́ọ̀tì á sì fún yín ní ohun tí sípánà lè dì mú. Bó bá kán mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, dírìlì ló kù, ẹni tí kò bá sì tíì ṣe irú rẹ̀ rí, kó gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Alumíníọ̀mù rọ̀ ju sítọ́ọ̀dù lọ, ẹnu dírìlì á fẹ́ yà síbẹ̀, ihò á sì bàjẹ́.

Bí páìpù bá ti jáde, ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú ẹnu èéfín. Gáàsíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sábà máa ń wà níbẹ̀, tí ìdọ̀tí dúdú ti bò ó tó fi dà bí ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi irin olójú ṣóńṣó wú u jáde. Bí ẹ bá fi tuntun lé àtijọ́ lórí, kọ́là kò ní jókòó, páìpù á sì máa jò títí láé.

Báwo la ṣe ń de tuntun?

Ẹ yí sàlẹ́ńsà tuntun dojúdé, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, nítorí eérún irin lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sítọ́ọ̀dù àti nọ́ọ̀tì tuntun sí i bí ti àtijọ́ bá ti jẹ. Nọ́ọ̀tì idẹ ló dára, nítorí kì í lẹ̀ mọ́ irin. Ẹ fi gírísì oníbàbà tó ń fara da iná sí okùn sítọ́ọ̀dù. Ẹ fi gírísì díẹ̀ lẹ gáàsíkẹ́ẹ̀tì tuntun mọ́ inú ẹnu èéfín kó má baà jábọ́ nígbà tí ẹ bá ń gbé páìpù sókè.

Nísinsìnyí, ẹ so gbogbo rẹ̀ kọ́, ọwọ́ nìkan ni kí ẹ fi yí gbogbo nọ́ọ̀tì àti bóòtù. Ẹ má fún ohunkóhun le. Bóòtù tó so sàlẹ́ńsà mọ́ férémù gbọ́dọ̀ wọ ihò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fi irin wú sàlẹ́ńsà sókè tàbí tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ihò kò bá bára mu, ẹ yí páìpù díẹ̀ níbi ìsopọ̀, tàbí kí ẹ fi wáṣà nípọn sáàárín ọwọ́ irin àti férémù. Páìpù tí wọ́n fi agbára fà kí ó tó wọlé á máa fa ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọwọ́ irin á ya, tàbí kí páìpù orí sán níbi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀. Bí ìdè àtijọ́ bá ní rọ́bà láàárín, ẹ lo rọ́bà síbẹ̀.

Bó bá ti jókòó dáadáa, ẹ fún nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ṣáájú. Ẹ fún ọ̀kan ní ìdajì yíyí, ẹ lọ sí èkejì, ẹ padà, kí kọ́là lè sún wọlé ní déédéé. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ fún sítọ́ọ̀dù mìlímítà 8 jẹ́ nǹkan bí 20 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì), ti mìlímítà 6 sì jẹ́ nǹkan bí 10 Nm. Bí ìwé alùpùpù yín bá sọ òmíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni kílípù àárín, bóòtù férémù ló sì kẹ́yìn.

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yẹ àyè wò. Ṣé kíìkì ń lọ dé ìsàlẹ̀? Ṣé pẹ́dà bíréèkì ń lọ láìkan páìpù? Ṣé ẹ lè yọ bóòtù tí ọ́ìlì ń gbà jáde, ṣé ẹ sì lè fa àsìlì táyà ẹ̀yìn jáde láìtú sàlẹ́ńsà? Kí ẹni méjì jókòó sórí alùpùpù kí wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wo bóyá apá tó mú táyà ẹ̀yìn tàbí ṣéènì ń sún mọ́ sàlẹ́ńsà. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: lára ọ̀pọ̀ alùpùpù àtijọ́, abẹ́ sàlẹ́ńsà ni rọ́bà tó ń dá sítáǹdì àárín dúró wà. Bí ti tuntun kò bá ní in, sítáǹdì á gòkè jù, á máa gbá ṣéènì tàbí táyà. Ẹ ṣe ohun tó máa dá a dúró kí ẹ tó gun alùpùpù náà.

Ẹ fi aṣọ tí ẹ ti rẹ sínú sípírítì nu gbogbo páìpù, nítorí epo ọwọ́ yín á jóná mọ́ ọn bó bá gbóná, àmì rẹ̀ kì í sì í kúrò. Ìta gbangba ni kí ẹ ti tan ẹ́ńjìnnì. Èéfín inú ilé ń pa ènìyàn láìní òórùn tó lè kìlọ̀. Nígbà tí páìpù kò tíì gbóná, ẹ ta omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Èéfín díẹ̀ láti ara páìpù fún ìṣẹ́jú mélòó kan kì í ṣe àrùn, òróró tó wà lára rẹ̀ ló ń jó. Bó bá ti tutù pátápátá, ẹ tún nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì fún, nítorí gáàsíkẹ́ẹ̀tì ti fún pọ̀ sí i. Ẹ tún wò wọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Kí ló kan kabúrétọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Kabúrétọ̀ kò ní ojú. Ihò tí epo ń gbà jáde nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní jẹ́ẹ̀tì, ní ìwọ̀n kan, ilé iṣẹ́ ló sì wọn ọ́n fún sàlẹ́ńsà tó bá alùpùpù wá. Bí sàlẹ́ńsà tuntun bá jẹ́ kí èéfín jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á pọ̀, epo lè má tó o. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ kéré ju afẹ́fẹ́ lọ ń gbóná ju bó ṣe yẹ, kì í fà, ó sì lè ba písítìnì jẹ́.

Apá mẹ́ta ni kabúrétọ̀ pín sí, tọ́ròtù, ìyẹn ọwọ́ tí a ń yí kí alùpùpù lè sáré, ló sì ń sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Láti sílò, ìyẹn ìgbà tí a kò yí tọ́ròtù rárá, dé ìdá mẹ́rin tọ́ròtù, jẹ́ẹ̀tì kékeré àti sukúrú rẹ̀ ni. Láti ìdá mẹ́rin dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ni, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ nínú ihò epo. Láti ibẹ̀ dé òpin, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ọwọ́ tọ́ròtù kí ẹ sì fàmì sí i, kí ẹ lè mọ apá tí ìṣòro wà kí ẹ tó tú nǹkan kan. Ìwọ̀nba ìyípadà ló sábà máa ń tó fún sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn nìkan: jẹ́ẹ̀tì ńlá tó fi ìwọ̀n kan tàbí méjì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ gbé abẹ́rẹ́ sókè pẹ̀lú ojú kan, ìyẹn ni pé kí ẹ sún kílípù rẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní ojú kan. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ yí.

Púlọ́ọ̀gì ló máa jẹ́rìí. Ẹ fi tuntun sí i, ẹ gùn ún níbi tó láàbò ní ìwọ̀n tọ́ròtù tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ kó padà sí sílò, ẹ sì yọ púlọ́ọ̀gì náà wò. Bó bá funfun bí ẹfun, epo kéré. Bó bá dúdú tó ní ìdọ̀tí gbígbẹ, epo pọ̀. Àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni ẹ ń wá.

Bí alùpùpù bá ń ta pàpà nígbà tí ẹ bá dá tọ́ròtù padà, ẹ má tíì fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Ojú ìsopọ̀ páìpù orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìgbì tó ń fà, tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, lè fa afẹ́fẹ́ wọlé láti ibi tó ń jò, afẹ́fẹ́ náà á bá epo tí kò jóná pàdé nínú páìpù, ó sì gbiná.

Ṣé bákan náà ni fún tù-sítíróòkì?

Rárá. Ẹ́ńjìnnì tù-sítíróòkì, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, kò ní fáàfù èéfín. Páìpù rẹ̀ tó wú láàárín tó sì tún fún lẹ́yìn ló ń ṣe iṣẹ́ fáàfù: ìgbì àkọ́kọ́ ń fa èéfín jáde, èkejì sì ń ti epo tuntun tó fẹ́ bá a jáde padà sínú sílíńdà. Walter Kaaden, onímọ̀-ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ alùpùpù MZ ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, ló ṣe iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù lórí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Ní 1961, Ernst Degner tó ń bá MZ díje sá lọ sọ́dọ̀ Suzuki, ìmọ̀ náà sì bá a lọ. Nítorí náà, páìpù tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an nìkan ni kí ẹ rà. Ẹ má gé e, ẹ má sì fẹ ẹnu ẹ̀yìn rẹ̀. Epo tó kéré nínú tù-sítíróòkì túmọ̀ sí ọ́ìlì tó kéré, písítìnì á sì há.

Ariwo ńkọ́?

Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Bó bá fi 10 lé sí i, létí ènìyàn ó dà bíi pé ó di ìlọ́po méjì. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo bo àwọn alùpùpù tí wọ́n ṣe láti 1983 wá. Ní Yúróòpù, sàlẹ́ńsà tí wọ́n fọwọ́ sí fún títì sábà máa ń ní lẹ́tà E nínú òbìrìkìtì pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè, 1 fún Jámánì. Ẹ wá àmì yìí kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì wò ó bóyá alùpùpù yín ni wọ́n kọ ọ́ fún. Bí irin kékeré kan bá wà lẹ́nu ẹ̀yìn tó ṣeé yọ, inú rẹ̀ ni kó wà nígbà tí ẹ bá wà lójú títì. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti pàdánù ìfọwọ́sí náà, ètò kabúrétọ̀ tí ẹ ṣe lánàá kò sì bá a mu mọ́.

Bí sàlẹ́ńsà olówùú gíláàsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún líle ju ìgbà tó wà ní tuntun, òwú inú rẹ̀ ló ti jó. Ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ sì bo imú, ẹ kó ti àtijọ́ dànù, ẹ yí tuntun mọ́ páìpù oníhò náà kó le dáadáa láìfún un pọ̀ jù, kí ẹ sì dè é padà.